Bí Wọ́n Bá Ní Òjò Lè Pọ̀, Kí La Ó Ṣe?

(Ọ̀rọ̀ tí akọ̀wé ẹgbẹ́ bá wa sọ níbi ìpàdé, ní Ìbàdàn)

 

Ọ̀rọ̀ òjò ni mo gbé wá. Lọ́dọọdún ni iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ojú ọjọ́, NiMet, máa ń sọ bí òjò yóò ṣe rí. Bí a bá ti gbọ́ ọ lórí rédíò, ẹ̀rín la máa ń rín: "Ṣé Ọlọ́run ni wọ́n ni?"

Wọn ò pe ara wọn ní Ọlọ́run. Wọ́n ń wo bí omi òkun ṣe gbóná sí, wọ́n ń wo àkọsílẹ̀ òjò àtẹ̀yìnwá, wọ́n wá ń ṣírò. Bí wọ́n bá ní òjò lè pọ̀, tí wọ́n fi í sí 70 nínú 100, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé nínú irú ọdún bẹ́ẹ̀ mẹ́wàá, méje lòjò á pọ̀, mẹ́ta ò ní pọ̀. Bí tọdún yìí bá bọ́ sínú mẹ́ta yẹn, wọn ò purọ́. Àwa náà ńkọ́? Ẹni tó lọ ra tòmátì ò mọ̀ bóyá gbogbo rẹ̀ á tà, síbẹ̀ ó ń rà á.

Ẹ rántí 31 August 1980, nígbà tí odò Ògùnpa ya wọ̀lú. Ẹ rántí 26 August 2011 náà. Èèyàn tó lé ní 100 ló kú lọ́dún 2011 yẹn. Àpò èlùbọ́ mi 14 bómi lọ. Ẹnì kan ti kìlọ̀ fún wa pé ká kó gọ́tà, a ní, "Èṣí náà lẹ sọ bẹ́ẹ̀, kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀." Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń dùn mí.

Ẹ jẹ́ ká gbé e sórí ìwọ̀n. Bí a bá kó gọ́tà tí omi ò dé, owó díẹ̀ ló lọ, ọjà wa á sì mọ́. Bí a ò bá kó o tí omi dé, ọjà lọ, ẹ̀mí lè lọ. Àṣìṣe méjèèjì ò wúwo bákan náà. Kò dìgbà tó bá dá wa lójú pátápátá ká tó kó gọ́tà.

Àmọ́ o, bí ẹnikẹ́ni bá ní ká wó ìsọ̀ wa tàbí ká ti ọjà pa nítorí omi, ìyẹn wúwo gan-an. Ẹ jẹ́ ká bi í ní ìbéèrè mẹ́ta: Báwo ló ṣe dá yín lójú tó? Kí lẹ wò tẹ́ ẹ fi mọ̀? Ta ni yóò san án bó bá jẹ́ pé ẹ ṣì í? Ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ ò ní bínú sí ìbéèrè. Ẹni tó ní kò sí bó ṣe lè ṣì í rárá, ẹ ṣọ́ ọ.

Àwa náà ní ìmọ̀ tí wọn ò ní. Àkọsílẹ̀ wọn ò mọ ojú gọ́tà wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí àmì omi 2011 ṣì wà lára ògiri rẹ̀, kó fi han olórí ìsọ̀ rẹ̀, ká lè kọ ọ́ sílẹ̀ fún wọn.

Ẹ̀bẹ̀ mi ni pé kí òjò tó le, kí ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan dáwó gọ́tà. Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká tún rí irú rẹ̀ mọ́.