Ẹ Jẹ́ Kí Ẹdun Kù ní Igbó Wa
Ọ̀rọ̀ sí Àwọn Ọdẹ àti Àgbẹ̀ Àríwá Èkìtì



Ọ̀rọ̀ ẹdun ni mo fẹ́ bá yín sọ. Gbogbo wa ni a ń fi orúkọ rẹ̀ ki àwọn ìbejì, ṣùgbọ́n mélòó nínú àwọn ọmọ wa ni ó ti fi ojú rí i? Ara rẹ̀ dúdú. Irun funfun yí ojú rẹ̀ ká, itan rẹ̀ funfun, ìrù rẹ̀ gùn, òun náà sì funfun bí òwú. Ọmọ rẹ̀ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bí a máa funfun láti orí dé ẹsẹ̀. Ewé ni pàtàkì oúnjẹ rẹ̀, ikùn rẹ̀ sì pín sí ọ̀nà púpọ̀ bí ti màlúù kí ewé líle lè dà níbẹ̀. Ẹ má ṣe di ẹ̀bi àgbàdo tí àwọn ọ̀bọ mìíràn jẹ rù ú.

Ní àfẹ̀mọ́júmọ́ ni akọ ẹdun máa ń bú ramúramù, kí àwọn agbo mìíràn lè mọ ibi tí tirẹ̀ wà. Ọ̀bọ kan wà ní Amẹ́ríkà ti Gúúsù tí ó jọ ọ́ ní ìwà yìí: egungun ọ̀fun rẹ̀ tóbi, ó sì ní ihò nínú bí agbè, a sì lè gbọ́ igbe rẹ̀ ní nǹkan bí kìlómítà 5. Igbe yìí a máa dín ìjà kù láàrin agbo àti agbo. Ṣùgbọ́n níwájú ìbọn, òun náà ni ó ń tú àṣírí ẹdun, nítorí ó ń fi igi tí gbogbo agbo sùn sí han ọdẹ.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ìbejì ni ẹdun ń bí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹyọ kan ni ó sábà máa ń bí, lẹ́yìn oyún nǹkan bí oṣù 6. Ẹni tí ó bá yìnbọn pa abo tí ọmọ rẹ̀ di mọ́ àyà rẹ̀ ti pa méjì.

Àríwá Èkìtì ni igbó kìjikìji ti ń di ọ̀dàn. Igbó etí odò ni ààbò irú ẹranko bẹ́ẹ̀, nítorí kì í fẹ́ sọ̀kalẹ̀ rìn ní gbangba. Bí a bá gé e tán nítorí oko, ibo ni yóò gbà? Lágbàáyé, wọ́n ti ka irú ẹdun yìí mọ́ àwọn tí ó súnmọ́ ìparun jù lọ.

Ní ilẹ̀ Ghana, àwọn ará Boabeng àti Fiema ka ẹdun wọn sí ọmọ òrìṣà. Nígbà tí àwọn ẹlẹ́sìn tuntun kan bẹ̀rẹ̀ sí í pa wọ́n, ìlú méjèèjì wá òfin tí ó ká a léèwọ̀ ní ọdún 1975. Títí di òní, ẹdun ń rìn láàrin ilé níbẹ̀, wọ́n sì ń sin òkú rẹ̀ bí ti ènìyàn.

Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ igbe yìí ní òwúrọ̀, ẹ fi ìbọn sílẹ̀. Ẹ kọ ọjọ́ àti ibi tí ẹ ti gbọ́ ọ sílẹ̀, kí ẹ sì fi tó ọ́fíìsì ìgbó tí ó súnmọ́ yín létí.