Kóńgò tí a fi ń wọn gàrí

Wọ́n ní kí èmi akọ̀wé sọ̀rọ̀ lórí ìgbé ayé òdodo. Mi ò ní wàásù, àwọn pásítọ̀ wà fún ìyẹn. Ọ̀rọ̀ kóńgò ni mo fẹ́ sọ.

A ń gbààwẹ̀, a ń lọ sí ìṣọ́ òru. Bí ilẹ̀ bá mọ́, a ó fi kóńgò tí wọ́n ti lu ìdí rẹ̀ wọnú wọn gàrí fún ọmọ ọlọ́mọ. Èmi náà ṣe é rí. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọjà, wọ́n ní bí gbogbo wa ṣe ń ṣe é nìyẹn. Lọ́jọ́ kan, ìyá àgbà kan padà wá bá mi, kò pariwo, kò bú mi. Ó gbé kóńgò tirẹ̀ kalẹ̀, ó da gàrí tí mo wọ̀n fún un sínú rẹ̀. Kò kún. Ó ní, "Ọmọ mi, ṣé o ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì?" Ojú tì mí.

Ẹ ka Lúùkù orí 19. Sákéù olórí agbowó òde ní ìlọ́po mẹ́rin lòun máa dá padà fún ẹni tí òun bá rẹ́ jẹ. Mo wọn gàrí fún ìyá yẹn títí ó fi ní ó tó. Àwọn yòókù ńkọ́? Mi ò mọ ilé wọn. Ìyẹn ṣì ń dùn mí.

Kóńgò tuntun tí ẹgbẹ́ rà wà lọ́dọ̀ mi. Ẹni tó bá fẹ́ fi wé tirẹ̀, kó wá láàárọ̀ ọ̀la, kí oníbàárà tó dé. Mi ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni.