Ìṣápá ní Ẹ̀yìnkùlé Wa
Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú ìpàdé ẹgbẹ́ ní Douala

 

Ọ̀rọ̀ ìṣápá ni a gbé wá lónìí. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló máa ń dúró de ẹni tó ń bọ̀ láti ilé kí wọ́n tó rí ìṣápá fi sebẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó, inú àpò ṣòkòtò ló wà. Foléré tí wọ́n ń tà lọ́jà níbí, ìṣápá pupa ni. Òun ni àwọn Haúsá fi ń ṣe sóbò, òun ni àwọn ará Senegal ń pè ní bissap. Funfun, tí a fi ń sebẹ̀ nílé, ìbátan rẹ̀ ni; bákan náà ni a sì ṣe ń gbin méjèèjì.

Òdòdó ìṣápá kì í lò ju ọjọ́ kan lọ kó tó rọ. Awọ nípọn tó yí èso ká, tó ń wú lẹ́yìn náà, ni à ń jẹ. Bí ó bá tó ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, ẹ ká a kó tó gbó.

Ọ̀tá rẹ̀ ní Douala ni omi tó dúró, nítorí òjò ìlú yìí kì í ṣe kékeré. Ẹ rẹ irúgbìn sómi mọ́jú, kí ẹ gbìn ín nínú korobá ọ̀dà tí ẹ ti lu nídìí, ní oṣù Kẹjọ, níbi tí ọ̀ṣọ̀rọ̀ kò ti ní dà lé e lórí. Bí ó bá ga tó ìbú àtẹ́lẹwọ́ méjì, ẹ lọ̀ ọ́ sórí ebè gíga, kí ẹ fi ìgbésẹ̀ kan sáàárín igi kan sí èkejì. Ẹni tí kò ní ilẹ̀ lè fi igi kan sílẹ̀ nínú korobá ńlá. Nípa báyìí, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni yóò so, oòrùn yóò sì wà láti fi sá a.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí kò tíì sè é rí, ẹ gbọ́: ẹ bọ ìṣápá funfun, ẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta kí kíkan rẹ̀ lè rọlẹ̀, kí ẹ fún un gbẹ. Ẹ wá fi epo, irú, ẹja gbígbẹ àti ẹ̀gúsí sè é. Bí ẹ bá dé ọjà, pistache ni ẹ̀gúsí níbí. Iyán ló yẹ ẹ́.

Pupa, ẹ fi atalẹ̀ àti kànáfùrù sè é, kí ẹ sẹ́ ẹ. Ẹ̀yin ìyá tó ń tà á, omi tó hó dáadáa ni kí ẹ lò, kí ẹ má sì fi yìnyín tí ẹ kò mọ orísun rẹ̀ sí i. Onígbáméjì ti jà ní ìlú yìí, ní 2004 àti ní 2011. Ní 2010, ìwádìí Yunifásítì Tufts ní Amẹ́ríkà lára ènìyàn 65 fi hàn pé ife mẹ́ta lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà dín ẹ̀jẹ̀ ríru kù díẹ̀. Díẹ̀ ni o! Kí ẹnikẹ́ni má tìtorí rẹ̀ pa oògùn dókítà tì. Ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru àti aláboyún, ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà kí ẹ tó máa mu ún.

Ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún nìyí. Irúgbìn funfun kò wọ́pọ̀ lọ́wọ́ wa mọ́. Bí a bá jẹ́ kó tán, àwọn ọmọ tí a bí síbí yóò gbọ́ orúkọ ọbẹ̀ náà, wọn kò ní mọ adùn rẹ̀. Ẹni tó bá ní in, kó fi èso díẹ̀ sílẹ̀ lórí igi títí yóò fi gbẹ, kó gbọn irúgbìn rẹ̀ sínú ìgò tó gbẹ, kó mú un wá sípàdé. Ẹni tó bá gba ẹ̀kúnwọ́ kan lọ́dún yìí, kó dá méjì padà lọ́dún tó ń bọ̀. Àjọ tí kò ná wa lówó ni.

Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Kí Ọlọ́run mú wa délé láyọ̀. Àmín.