Adìẹ Tí Kò Yé Mọ́

Púpọ̀ nínú wa a máa dá adìẹ lẹ́bi nígbà tí ẹyin bá wọ́n nínú ilé. Àwa pàápàá ti ta àgbébọ̀ kan rí nígbà ọyẹ́, tí a pè é ní ọ̀lẹ. Lẹ́yìn náà ni a tó ṣàkíyèsí pé kí ọ̀sán tó pọ́n ni ìkòkò omi rẹ̀ ti ń gbẹ lójoojúmọ́. Ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ẹyin ni omi: kí ni adìẹ tí òùngbẹ ń gbẹ yóò fi yé?

Ẹyin kan a máa gba nǹkan bí wákàtí 25 kí ó tó pé nínú adìẹ, èèpo rẹ̀ nìkan a sì gba bí 20 nínú rẹ̀. Àgbàdo nìkan kò lè ṣe èèpo. Ẹ gún ìkarahun ìgbín, kí ẹ dà á sí ọ̀tọ̀ fún wọn. Ẹ má sì ṣe fi ikán dù wọ́n.

Bí adìẹ ìbílẹ̀ bá yé tó 10 tàbí 15, a fẹ́ sàba. Bí ẹ kò bá fẹ́ òròmọdìẹ, ẹ máa kó ẹyin lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n ẹ fi ọ̀kan sílẹ̀, kí ó má baà kọ ìtẹ́ náà sílẹ̀ lọ yé sí ẹ̀yìnkùlé ẹlòmíràn.

Àgbébọ̀ wa ọjọ́sí ńkọ́? Opó tí ó rà á ti fi ẹyin rẹ̀ ra ìwé fún ọmọ rẹ̀.