Akẹ́kọ̀ọ́ Ìmọ̀ Kọ̀ǹpútà Lẹ́nu Ìkọ́ṣẹ́ ní Ilé-Iṣẹ́ Ọkọ̀

Ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀ lónìí jẹ mọ́ àwọn ọ̀dọ́ tí ń kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga, tí wọ́n sì ń lọ lo oṣù mélòó kan ní ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, kí wọ́n lè fi ojú rí ohun tí wọ́n ti fi etí gbọ́. Ìbéèrè tí ó ṣe pàtàkì jù níbẹ̀ ni èyí: kí ni ó yẹ kí irú akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀ mú bọ̀ láti ibi ìkọ́ṣẹ́? Ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò dáhùn pé ọgbọ́n iṣẹ́ ni. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọgbọ́n iṣẹ́ nìkan kò tó.

Ẹnìkan lè kọ́kọ́ béèrè pé kí ni ó pa kọ̀ǹpútà pọ̀ mọ́ ọkọ̀, nígbà tí ó jẹ́ pé irin, rọ́bà àti epo ni gbogbo ayé mọ̀ mọ́ ọkọ̀. Láyé àtijọ́, bẹ́ẹ̀ ni ó rí. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1978, Bosch àti Mercedes-Benz ní ilẹ̀ Jámánì gbé bíréèkì kan jáde tí ó ní ẹ̀rọ kékeré tí ń darí rẹ̀. Bí ojú ọ̀nà bá ń yọ̀, ẹ̀rọ náà yóò máa mú táyà, yóò sì máa jọ̀wọ́ rẹ̀, lọ́pọ̀ ìgbà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, kí táyà má baà gan kí ọkọ̀ sì yà kúrò lójú ọ̀nà. Ní 1986, Bosch tún fi ọ̀nà kan han ayé tí àwọn kọ̀ǹpútà kéékèèké inú ọkọ̀ lè gbà máa bá ara wọn sọ̀rọ̀ lórí wáyà àjọlò. Lónìí, ọkọ̀ kan ṣoṣo lè ní irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ ju àádọ́ta lọ. Ẹ́ńjìnnì, bíréèkì, àti àpò afẹ́fẹ́ tí ń gba èrò sílẹ̀ nígbà ìjàǹbá, gbogbo wọn ni ó ń gba àṣẹ lọ́dọ̀ wọn. Àwọn àṣẹ tí ènìyàn kọ sílẹ̀ fún kọ̀ǹpútà láti máa tẹ̀ lé ni à ń pè ní ètò kọ̀ǹpútà. Iṣẹ́ kíkọ ètò yìí ni akẹ́kọ̀ọ́ náà ń lọ kọ́.

Ìlú Stuttgart ní gúúsù ilẹ̀ Jámánì jẹ́ àpẹẹrẹ rere nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọdún 1974, wọ́n ṣí ilé-ẹ̀kọ́ kan níbẹ̀ tí ó jẹ́ pé àwọn ilé-iṣẹ́ bíi Daimler-Benz àti Bosch wà lára àwọn tí ó gbé èrò rẹ̀ kalẹ̀. Èrò náà ni pé kí akẹ́kọ̀ọ́ lo nǹkan bí oṣù mẹ́ta ní kíláàsì, kí ó lo nǹkan bí oṣù mẹ́ta lẹ́nu iṣẹ́, kí ó sì máa lọ kí ó máa bọ̀ bẹ́ẹ̀ fún ọdún mẹ́ta. Ní 2009, ilé-ẹ̀kọ́ náà àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ di Duale Hochschule Baden-Württemberg. Èrò yìí kò ṣàjèjì sí Yorùbá. Ọmọ tí wọ́n bá fi sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ kì í jókòó kí ó máa gbọ́ àlàyé nípa irin. Ó ń fẹ́ná, ó sì ń wo ọwọ́ ọ̀gá.

Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá dé irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ní í bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ètò bíréèkì lọ́jọ́ kìn-ín-ní. Ìdánwò ni wọ́n sábà máa ń fi sí i lọ́wọ́. Wọn a gbé kọ̀ǹpútà kékeré tí ń darí bíréèkì sórí tábìlì, wọn a so ó mọ́ ẹ̀rọ mìíràn tí ń ṣe bí ẹni pé òun ni ọkọ̀. Ẹ̀rọ náà yóò máa sọ fún un pé eré ti pọ̀, pé òjò ń rọ̀, pé táyà ọ̀tún ti ń yọ̀. Kọ̀ǹpútà yóò gbà pé ojú títì ni òun wà, yóò sì hùwà bí yóò ti hùwà níbẹ̀. Ńṣe ni àwọn olùdánwò ń tan ẹ̀rọ kí ènìyàn lè mọ òtítọ́ láìfi ẹ̀mí ẹnikẹ́ni wewu.

Ohun kejì tí yóò bá pàdé ni pé kò sí ẹni tí ó ń dá iṣẹ́ rẹ̀ yẹ̀ wò. Ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ bá kọ, ẹlòmíràn yóò kà á. Ohun tí ọ̀gá bá kọ, akẹ́kọ̀ọ́ pẹ̀lú lè kà á. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè. Ìlànà àgbáyé kan tún wà, ISO 26262, tí ó jáde ní 2011. Ó pín ewu sí ìpele mẹ́rin, láti A títí dé D. Wọ́n ń wo bí ìpalára ṣe lè pọ̀ tó, bí irú ìṣẹ̀lẹ̀ náà ṣe lè wáyé lemọ́lemọ́ tó, àti bóyá awakọ̀ lè kó ọkọ̀ níjàánu. Ibi tí ewu bá ti pọ̀ jù ni ìpele D, ibẹ̀ náà ni àyẹ̀wò ti le jù.

Síbẹ̀, òfin kò lè dípò ẹ̀rí-ọkàn. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2015, ìjọba Amẹ́ríkà fẹ̀sùn kan Volkswagen pé ètò kọ̀ǹpútà kan wà nínú àwọn ọkọ̀ rẹ̀ tí ń lo dísù. Ètò náà ń wo bí sítíárìn ṣe ń yí, bí eré ṣe pọ̀ tó, àti bí ẹ́ńjìnnì ti ṣiṣẹ́ pẹ́ tó, yóò sì fi mọ ìgbà tí ọkọ̀ wà lórí ẹ̀rọ ìdánwò. Nígbà náà ni yóò sé èéfín olóró mọ́. Bí ọkọ̀ bá ti bọ́ sójú títì, yóò jọ̀wọ́ rẹ̀, títí dé ìlọ́po 40 iye tí òfin gbà. Ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ sọ pé nǹkan bíi mílíọ̀nù 11 ọkọ̀ ni ọ̀rọ̀ náà kàn káàkiri àgbáyé. Ìdánwò tí ó yẹ kí ènìyàn fi tan ẹ̀rọ láti mọ òtítọ́ ni ẹ̀rọ fi tan ènìyàn láti bo òtítọ́ mọ́lẹ̀. Ẹ̀rọ náà kò sì dá a ṣe. Ènìyàn ni ó kọ ọ́.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Àwọn olùwádìí Yunifásítì West Virginia, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wà lára wọn, ni ó gbé ẹ̀rọ ìwọn-èéfín sínú ọkọ̀ ní 2013, tí wọ́n wà á lójú títì gan-an. Iye tí wọ́n rí kò bá ti yàrá ìdánwò mu, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2014. Ní 2017, ilé-ẹjọ́ ní Amẹ́ríkà rán James Liang, ọ̀kan nínú àwọn ẹlẹ́rọ Volkswagen tí ó ti jẹ́wọ́, lọ sí ẹ̀wọ̀n oṣù 40.

Ẹnìkan lè sọ pé ọmọ iṣẹ́ kò lẹ́nu níwájú ọ̀gá. Ọ̀wọ̀ yàtọ̀ sí ìdákẹ́. Ọmọ tí a kọ́ nílé lè sọ pé, “Ẹ dákun, ọ̀gá, ẹ bá mi wo ibí yìí,” kí ó sì kọ ohun tí ó rí sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ àti wákàtí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kan Nàìjíríà pẹ̀lú, nítorí láti 1973 ni ètò ìkọ́ṣẹ́ SIWES ti wà níbí, tí akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì sì ń lo oṣù mẹ́fà nínú rẹ̀. Ìwé àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ wà lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá darí dé, kí olùkọ́ má ṣe wo kìkì ibi tí ọ̀gá ti fọwọ́ sí i. Kí ó béèrè pé, “Àbùkù wo ni o rí? Ta ni o sọ fún? Kí ni wọ́n ṣe sí i?” Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá lè dáhùn ìbéèrè mẹ́ta yìí ti kọ́ṣẹ́. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n yóò wọ ọkọ̀ tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá kọ ètò rẹ̀, yóò sì gúnlẹ̀ láyọ̀.