Ìwé Ìròyìn Àtijọ́ àti Ẹjọ́ Ilẹ̀ Ìjẹ̀bú



Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọ́n ṣe dá ẹjọ́ Ìjẹ̀bú nínú ìwé ìròyìn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní 1859, Ẹni-ọ̀wọ̀ Henry Townsend dá Ìwé Ìròhìn sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta, ìwé ìròyìn àkọ́kọ́ lédè Yorùbá. Abẹ́òkúta ò jìnnà sí Ìjẹ̀bú-Òde, ṣùgbọ́n Ìjẹ̀bú ò gba àwọn oníwàásù òyìnbó láyè, ó sì di ọ̀nà òwò tó ti etí ọ̀sà lọ sókè mú gírígírí. Ìfọ́lé 1867, nígbà tí wọ́n lé àwọn oníwàásù òyìnbó kúrò ní Abẹ́òkúta, ló pa Ìwé Ìròhìn. Ọdún 25 lẹ́yìn náà, ní oṣù Karùn-ún 1892, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú ní Ìmagbọ̀n. Nígbà tí aáwọ̀ tó fa ogun náà ń gbóná, Èkó ni wọ́n ti ń tẹ ìwé ìròyìn, Èkó yìí kan náà sì ni ọ̀nà tí Ìjẹ̀bú dí ń pa òwò rẹ̀ lára. Ìjẹ̀bú ò ní ìwé tí yóò fi fèsì.

Lẹ́yìn ogun ni ilé ẹ̀kọ́ tó gbilẹ̀. Ijebu-Ode Grammar School bẹ̀rẹ̀ ní 1913, Ẹni-ọ̀wọ̀ I. O. Ransome-Kuti darí rẹ̀ láti 1918 títí di 1932. Bí àwọn tó mọ̀wé ṣe ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni ìwé ìròyìn ń rí olùkà.

Àsìkò náà bọ́ sí i. Adéoyè Dẹ́nígà gbé Èkó Àkéte jáde ní 1922, E. A. Akíntán gbé Elétí Ọfẹ jáde ní 1923, D. A. Ọbasá bẹ̀rẹ̀ The Yoruba News n’Íbàdàn ní 1924, I. B. Thomas sì gbé Akéde Èkó kalẹ̀ ní 1928. Tíṣà àti akọ̀wé ló ń kọ lẹ́tà ránṣẹ́ láti ìlú wọn. Ẹni tó mọ̀wé á kà á sókè, àwọn tí kò mọ̀ ọ́n á gbọ́. Òkú tó kú, ìyàwó tí wọ́n gbé, ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì, ìjà oyè, owó orí: gbogbo rẹ̀ ló ń bọ́ sínú ìwé. Nígbà tí Thomas ń tẹ lẹ́tà Sẹ̀gilọlá, obìnrin inú ìtàn àròsọ, jáde láàárín 1929 sí 1930, àwọn olùkà kọ̀wé sí i bí ẹni pé obìnrin náà wà láyé.

Ìjẹ̀bú náà gbìyànjú tirẹ̀. Ijebu Weekly News jẹ́ ọ̀kan. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ìwé ìròyìn ìlú kékeré le: olùrà ò pọ̀, àwọn tó fẹ́ polówó ọjà ń wá Èkó lọ. Ìdí nìyí tí àwọn ọmọ Ìjẹ̀bú tó mọ iṣẹ́ yìí jù fi ṣe é lẹ́yìn odi. Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, dá Nigerian Tribune sílẹ̀ n’Íbàdàn ní oṣù Kọkànlá 1949. Bísí Ọnàbánjọ, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, ń fi orúkọ Ayékòótọ́ kọ̀wé nínú ìwé ìròyìn Èkó kó tó di gómìnà Ìpínlẹ̀ Ògùn ní 1979.

Àbájáde rẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ Ìjẹ̀bú nínú òṣèlú Nàìjíríà wà lákọsílẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àwọn ìletò rẹ̀ fọ́nká. Kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀: ní Amẹ́ríkà, ilé ìkàwé ìjọba àpapọ̀ ti kó ìwé ìròyìn àìmọye ìlú kéékèèké sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹnikẹ́ni sì lè wá orúkọ bàbá ńlá rẹ̀ níbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Àwa náà lè ṣe irú rẹ̀: ilé àkójọ ìwé ìjọba wà n’Íbàdàn, Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ sì wà ní Àgọ́-Ìwòyè. Ẹ̀yin ọmọ Ìjẹ̀bú, ẹ yẹ àpótí àwọn òbí yín wò, ẹ wo yàrá ìwé àwọn ìjọ àtijọ́. Bí ẹ bá rí ìwé ìròyìn tó ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ẹ má fún alákàrà. Ẹ gbé e lọ sí ọ̀kan nínú ibi méjèèjì yìí kí wọ́n ya àwòrán rẹ̀.