Ààrò Tó Wà Nínú Ara Aláàwẹ̀

 

Iyán tí a jẹ ní sààrì, kí ló dà, tí a ṣì ń ríṣẹ́ ṣe l'ọ́sàn-án? Bí iyán bá dà nínú wa, ó di ṣúgà, ẹ̀jẹ̀ a sì gbé e kiri ara. Àwọn sẹ́ẹ̀lì, tí ojú lásán kò lè rí, ló ń gbà á. Wọn a gé e sí méjì, wọn a sì tì í sínú ààrò wọn. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń tú u díẹ̀díẹ̀ ní àyípoyípo, tí agbára ń jáde. Atẹ́gùn tí à ń mí sínú ló ń mú iná náà jó. Èéfín rẹ̀ là ń mí síta. Hans Krebs, ọmọ Jámánì tó ń ṣiṣẹ́ ní Sheffield nílùú Ọba, ló ṣàlàyé àyípo yìí ní 1937.

Bí ṣúgà bá ń dínkù, ẹ̀dọ̀ a tú èyí tó fi pamọ́ sílẹ̀. Bí ìyẹn náà bá ń tán, ọ̀rá ara a di igi ìdáná fún ààrò kan náà. Ìdí nìyẹn tí ẹni tí ara rẹ̀ le fi ń dé àṣálẹ́.

Alátọ̀gbẹ ńkọ́? Ẹ bi dókítà kí ẹ tó gbààwẹ̀. Bí ẹni tó ń lo oògùn àtọ̀gbẹ bá ń gbọ̀n, tó ń làágùn, tí ojú ń ṣú u, ó ṣeé ṣe kí ṣúgà ti lọ sílẹ̀ jù. Kí ó má wí pé, "Màgáríbì kù díẹ̀." Kí ó ṣínu lójú ẹsẹ̀, kí ó mu omi ṣúgà. Ọlọ́hun ti yọ̀ǹda fún aláìsàn. Ní ti sísan án padà, ẹ bi àwọn áfáà.

Kí Ọlọ́hun gba ààwẹ̀ wa. Àmín.